Itan Ọ̀tún, Itan Òsì

Ní ọjọ́ tí Àkàbà kú, gbogbo òpópónà ló gbọ́ fèrè ọkọ̀ agbégilódò náà. Ẹni tó ń sùn gbọ́, ó jí. Ajá tó sùn sábẹ́ tábìlì ẹlẹ́ran gbọ́, ó sá. Àkàbà nìkan, ọmọdékùnrin gíga tí ojú rẹ̀ ríran, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, ló ń rìn lọ létí títì pẹ̀lú pákó lórí èjìká, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn òun. Pákó náà mú kó yà díẹ̀ sí àárín. Awakọ̀ fọn fèrè, ó tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹrù igi kì í gbọ́ bíréèkì kíákíá. Nígbà tí ọkọ̀ yóò fi dúró, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Awakọ̀ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. “Mo fọn ọ́n,” ló ń wí. “Ẹ bi gbogbo ayé. Mo fọn fèrè títí. Kí ló dé tí kò yà?”

Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ìbéèrè tí kò bá sì ní ìdáhùn, ayé kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wá ìdáhùn kan fún un dandan, ì báà jẹ́ irọ́.

Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá Àkàbà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti padà sí ilé bàbá rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá iwájú: ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan, tábìlì tí ó fi ń gé aṣọ, dígí gígùn tó ti sán nígun. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àkàbà ni àkọ́bí, gíga rẹ̀ ló fún un ní orúkọ náà. Ẹlẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bíńtín ni àbíkẹ́yìn, kò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ tán. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ ọkùnrin, Káfíńtà, ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta ló ni apá ọ̀tún. Ìyá wọn, Ìyá Àgbà, wà ní yàrá àárín, láàárín àwọn ọmọ méjèèjì. Ó ń bá Aránṣọ tú ìránṣọ aṣọ àtijọ́, ó ń wo àwọn ọmọ tí ara wọn kò bá yá.

Ohun kan wà tí Aránṣọ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí Àkàbà tó kú, ó ti ṣàìsàn àyà. Alápò, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé àpò oògùn kiri ojúlé, gún un lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọmọ náà ti di alágídí. Wọ́n á pè é, kò ní dáhùn. Wọ́n á rán an níṣẹ́, yóò máa wo ẹnu ẹni bí ẹni ń wo sinimá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kú, Aránṣọ pè é láti ìdí ẹ̀rọ, ó pè é títí, ọmọ náà gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó dìde, ó gbá a létí.

“Màámi, kí ni mo ṣe?”

“Ò ń bi mí? O ti di ọkùnrin, àbí? Èmi ń pè ọ́, o ń kọjá lójú mi!”

Ọmọ náà la ojú sílẹ̀. Ó gbé pákó tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fẹ́ kó gbé, ó jáde. Wọn kò tún bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

*

Ilẹ̀ ibojì kò tíì gbẹ tán tí ikọ́ fi wọ inú ilé náà. Ọmọ méjì ló mú lẹ́ẹ̀kan náà: Ẹlẹ́rìn-ín, àti ọmọ Káfíńtà tí wọ́n ń pè ní Bọ́ọ̀lù nítorí pé ibi tó ga sí náà ló fẹ̀ sí. Alápò dé pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé Bọ́ọ̀lù sórí itan ọ̀tún, ó gbé Ẹlẹ́rìn-ín sórí itan òsì, ó di àwọn méjèèjì mú gírígírí. Inú ìgò kan náà ni Alápò ti fa oògùn. Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ó gún ti ọ̀tún, ó gún ti òsì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan títí ikọ́ fi lọ.

Bọ́ọ̀lù padà sídìí eré rẹ̀, ó ń da lẹ́búlẹ́bú pákó sínú bàtà bàbá rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín náà dìde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó wá dúró ti ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ kan irin rẹ̀.

“Màámi,” ló wí, ohùn rẹ̀ ga ju bó ti yẹ lọ, “kí ló dé tí ẹ̀rọ yín kò dún mọ́?”

Ẹsẹ̀ Aránṣọ wà lórí pẹ́dà. Ẹ̀rọ ń pariwo bí òjò lórí páànù.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu ọmọ náà. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rín, kí ni yóò máa rín?

Òwìwí kan wà tó máa ń bà sórí ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, àwọn obìnrin ilé jókòó sẹ́yìnkùlé. Aránṣọ ń gán etí aṣọ, ìyàwó Káfíńtà ń ká aṣọ lórí okùn, Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń fi abẹ kékeré tú ìránṣọ. Ẹyẹ náà ké lójijì, igbe tó ń fa awọ ara. Abẹ́rẹ́ gún Aránṣọ níka. Ìyàwó Káfíńtà ju aṣọ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ yí orí ká: “Orí mi kọ̀ ọ́!” Ìyá Àgbà fa òwú kan yọ, ó fẹ́ ẹ dànù, ó wá òwú mìíràn.

Ìyàwó Káfíńtà sún mọ́ Aránṣọ. Ó dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó bá a nínú ilé ni, nítorí náà Àǹtí ló ń pè é, àfi bí wọ́n bá ń jà.

“Àǹtí mi, ẹ ò rí nǹkan?”

“Nǹkan wo?”

“Ẹyẹ ké. Èmi fò. Ẹ̀yin ta ẹ̀jẹ̀ sára aṣọ oníbàárà. Ta ni kò mira?”

Aránṣọ wo ìyá rẹ̀. “Wọ́n ti dàgbà. Nǹkan kì í bà wọ́n lẹ́rù mọ́.”

“Hẹn. Adìyẹ ẹni kì í ba ẹni lẹ́rù.”

“Ẹ ṣọ́ ẹnu yín o. Ìyá mi lẹ̀ ń wí.”

“Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà jẹ́ ká kà á. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó lọ́kọ sí òdìkejì odò, ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, etí rẹ̀ di. Àkàbà lọ. Ẹlẹ́rìn-ín rèé. Ọmọ ta ni gbogbo wọn? Ọmọ àwọn ọmọ wọn obìnrin. Àwọn tèmi ńkọ́? Ikọ́ lásán ló mú ọ̀kan, ó sì lọ. Ẹ má rò pé mò ń yangàn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹni tó ń jẹun lápá òsì àwo, bí ibẹ̀ bá tán, apá wo ló kù?”

“Mo rò pé abẹ́rẹ́ Alápò ni.”

“Ṣé abẹ́rẹ́ náà kò kan Bọ́ọ̀lù ni? Ìgò kan, ọwọ́ kan, ìjókòó kan. Itan tí wọ́n jókòó lé nìkan ni kò jọra. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ẹ̀yin tún ń bi mí? Ọ̀nà ìyá ni nǹkan wọn máa ń gbà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.”

Aránṣọ gbé aṣọ sílẹ̀. Ó ń wo Bíńtín tó sùn sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó rọra gbé ọmọ náà kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó bá ti kúrò lẹ́nu obìnrin méjì ti di ti ọjà. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń béèrè bóyá Ìyá Àgbà ló tú aṣọ tí wọ́n gbé wá. Alátúntà kan tilẹ̀ ní kí wọ́n dá èyí tí òun mú wá padà, ó ní ihò abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń wo òun.

*

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ṣe ìpàdé náà, nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àbúrò bàbá wọn wá, Bàbá Kékeré, tí kì í pẹ́ dájọ́. Wọ́n fi Ìyá Àgbà jókòó sórí àga tí Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tí kò tíì kùn. Káfíńtà ni wọ́n ní kó bi í. Ó dọ̀bálẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀. Ọmọ kì í wo ojú ìyá rẹ̀ kó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó ń bá lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Màámi, ẹ má bínú. Ṣé ọwọ́ yín wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí?”

Ìyá Àgbà ń wo fìlà rẹ̀. Ojú rẹ̀ tútù. Ó dà bí ẹni tó ń retí pé kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

“Màámi, ẹ dá mi lóhùn. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ sọ pé kì í ṣe ẹ̀yin.”

Kò sọ nǹkan kan. Ìṣó kan yí bọ́ lórí tábìlì, gbogbo wọn gbọ́ bó ṣe bọ́.

Bàbá Kékeré pa ọwọ́ pọ̀. “Ẹ ti rí i. Wọ́n bi í, kò sẹ́.”

Aránṣọ lè sọ̀rọ̀. Ó lè ní kí wọ́n tún un bi. Ṣùgbọ́n Bíńtín wà lẹ́yìn rẹ̀, èémí ọmọ náà ń gbóná lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń rántí itan òsì. Ó dákẹ́.

Bàbá Kékeré kò tẹ orí ba ní tirẹ̀. Ó wo Ìyá Àgbà lójú, ó ké sí i pé kó kó lọ sí ilé ìkógisí tó wà lódìkejì títì, kí ó má sì fọwọ́ kan ọmọ kankan mọ́. Èyí ni Ìyá Àgbà dáhùn. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Kí ni mo ṣe yín?”

Káfíńtà tún tẹ orí ba, ó ń sọ nǹkan sínú àyà ara rẹ̀. Ìyá Àgbà dúró dè é títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú ẹní rẹ̀ àti abẹ tí ó fi ń tú ìránṣọ, ó jáde.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ òwìwí náà lórí páànù ilé ìkógisí. Eku pọ̀ níbẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń ronú eku? “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó,” ni ìyàwó Káfíńtà wí, “ẹrú ti tẹ̀ lé olówó rẹ̀.”

*

Nígbà tí ikọ́ mú Bíńtín, kò sí ẹni tí wọ́n lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù mọ́, nítorí Ìyá Àgbà kò sí nílé. Alápò gbé etí lé àyà ọmọ náà, ó mi orí. “Ìyá, èyí ju àpò mi lọ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.”

Aránṣọ pọ̀n ọ́n, ó fa Ẹlẹ́rìn-ín lọ́wọ́. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: kí èyí má lọ bí àwọn tó kù ṣe lọ.

Dókítà tó rí wọn jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó ń jẹ bisikíìtì ní ìdúró. Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà Bíńtín, ó kọ oògùn, nọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Aránṣọ mọ ìgò náà. Irú ti Alápò ni. Ní àsìkò náà ni òṣìṣẹ́ kan ń ti kẹ̀kẹ́ irin bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Ọmọ yìí, yà! Yà, mo ní!” Ẹlẹ́rìn-ín kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wo àwòrán ara ògiri. Kẹ̀kẹ́ kọ lù ú lẹ́sẹ̀.

Dókítà gbé bisikíìtì sílẹ̀. “Kò gbọ́ ọ?”

“Kì í gbọ́ràn mọ́, mà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ikọ́ ló ṣe é. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ikọ́ lọ, etí bá a lọ.”

“Abẹ́rẹ́ wo?”

Aránṣọ na ọwọ́ sí ìgò tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

“Nọ́ọ̀sì, gbé e sílẹ̀,” ni dókítà wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì gbé e sílẹ̀ kíákíá. “Ìyá, ta ló tún wà nínú ẹbí yín tí etí rẹ̀ di?”

“Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Lẹ́yìn àìsàn náà ni. Àti àkọ́bí mi...” Ó dákẹ́. Kò tíì ka Àkàbà mọ́ àwọn adití rí. Ẹni tó ti kú ni ó kà á mọ́. Ó rí i tó gba iwájú ẹ̀rọ kọjá, ó rí ojú tó là sílẹ̀. Màámi, kí ni mo ṣe?

“Ìyá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ń gbọ́ràn dáadáa?”

Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó rántí òwú tí wọ́n fẹ́ dànù nígbà tí ẹyẹ ń ké. Ó rántí ojú wọn lórí fìlà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Dókítà, ṣé àjẹ́ ni?”

“Bó bá jẹ́ àjẹ́ ni, mi ò bá ti mọ ọ̀nà tó ń gbà. Èyí, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó.” Òun náà jókòó. “Ààrò kéékèèké wà káàkiri inú ẹran ara wa, ojú lásán kò lè rí i. Ibẹ̀ ni ara ti ń dáná agbára rẹ̀. Àwọ̀, gíga, imú, bàbá àti ìyá ló jọ ń fún ọmọ. Ààrò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹyin ìyá nìkan ló ti ń wá. Ìyá ń fún gbogbo ọmọ rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Ọmọbìnrin á fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọmọkùnrin gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló parí sí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àwọn ọmọ rẹ̀... abẹ́rẹ́ kan náà ni.”

“Ààrò ìyá tiwọn ni wọ́n ń lò. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n yín fúnra rẹ̀ ni kó sá fún oògùn yìí. Tiyín ní àléébù kékeré kan. Ẹlòmíràn á gbé e dé ogbó, etí á kàn máa wúwo díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní mọ̀. Ṣùgbọ́n bí oògùn yìí bá kàn án, iná inú etí á kú, kì í sì í ràn mọ́. Màá fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, yóò pẹ́ kó tó dé, mi ò sì ní dúró dè é. Oògùn mìíràn wà fún èyí.”

Aránṣọ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Nítorí náà èmi ni mo fún wọn.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ yàn án, ìyá.”

“Ṣùgbọ́n èmi ni.”

Dókítà kò jiyàn. Ó gbé bisikíìtì rẹ̀, kò sì jẹ ẹ́ mọ́.

Ikọ́ Bíńtín lọ. Ní àràárọ̀ ni Aránṣọ ń dúró sẹ́yìn rẹ̀, á fi àlùmọ́gàjí gé afẹ́fẹ́, ṣẹ́kẹ́. Ní àràárọ̀ ni ọmọ náà ń yí orí padà, á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ nílé. Káfíńtà jókòó sórí àga tí kò kùn náà, ó sunkún bí ọmọdé, kò sì lè gbé ẹsẹ̀. “Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?” Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ tí kò nílò kíká. “Èmi ò pe ẹnikẹ́ni lájẹ̀ẹ́ o,” ló wí. “Mo kàn ní ká kà á ni.”

“Ẹ kà á pé,” ni Aránṣọ dá a lóhùn. “Ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ ò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n.”

*

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tó ré títì kọjá. Ìyá Àgbà kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn ilé ìkógisí, láàárín pákó tó kó ara wọn jọ dé òrùlé, ó ń tú ìránṣọ aṣọ àtijọ́ kan tí kò sí ẹni tó rán an ní iṣẹ́ rẹ̀. Aránṣọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó sọ ti ọsibítù, ó sọ ti ìpàdé, ó sọ bí òun ṣe dákẹ́. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó dúró de èébú. Abẹ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó rò pé ìbínú ni.

Lẹ́yìn náà ló tó yé e. Ó fi orúnkún rìn yípo títí ó fi dé iwájú.

Ìyá Àgbà ta gìrì. “Ìgbà wo lo dé? Bíńtín ńkọ́? Mo gbọ́... wọ́n ní ó ń wúkọ́.”

Aránṣọ fi ọwọ́ hàn án pé ara ọmọ ti yá. Ó rí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ẹnu rẹ̀ kejì ní ojóbó. Ó na ìka sí i.

“Mo fi ń so ọwọ́ mi ni, bí mo bá fẹ́ sùn,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Mo gbọ́ pé wọ́n ń pè mí lájẹ̀ẹ́, wọ́n sì ní ẹlòmíràn wà tí kì í mọ̀ pé òun ń jáde lóru. Mo ronú sí i títí, mi ò rántí ibi tí mo lọ. Mo wá ní bó bá jẹ́ pé mò ń lọ, okùn á dá mi dúró.”

Aránṣọ gbé orí sókè. Ó wo ìyá rẹ̀ lójú, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kì í ti í ṣe, ó sì la ẹnu dáadáa.

“Ẹ kì í ṣe àjẹ́, Màámi. Ẹ ò gbọ́ ìbéèrè ni.”

Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú lórí ojú. Ìyá Àgbà ń wo ẹnu rẹ̀, kò mira. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi ẹyin àti ààrò, Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀.

“Nígbà náà, èmi náà ni.”

“Ọ̀dọ̀ yín ló gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ mi ló gbà dé ara wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá yín ló ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin náà.”

“Ìyá mi kò mọ̀.”

“Ẹnì kankan kò mọ̀.”

“Àkàbà ńkọ́?”

“Kò gbọ́ fèrè, Màámi. Kò gbọ́ ìpè mi náà. Mo gbá a létí.” Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní ó ń fojú di mí.”

Ìyá Àgbà kò sọ fún un pé kò burú. Ó burú. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún ọmọ rẹ̀, ọwọ́ tó gbá ọmọ, ó gbé e sórí itan òsì rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, Aránṣọ gba abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà kúrò lára òpó. Kò tíì gé e tán nígbà tí òwìwí ké lórí wọn, igbe gígùn tó ń fa awọ ara. Abẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ló ṣe ọ́?” ni Ìyá Àgbà béèrè.

“Ẹyẹ ni, Màámi.”

Obìnrin àgbà náà gbé ojú sókè. Ó wo páànù láti igun dé igun, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nǹkan fún.

“Ẹyẹ wo?”